Òmìnira owó káńsù: kí ló máa yí padà n'Ìbàdàn?

Ọmọ Òjé: Láti July 11, 2024 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti pàṣẹ pé kí owó káńsù 774 tó wà ní Nàìjíríà máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kí gómìnà yéé dá a dúró. Káńsù 11 ló wà n'Ìbàdàn. Bí owó bá ti ń dé ọwọ́ alága, wọ́n á kó pàǹtí Bódìjà, wọ́n á la gọ́tà. Kí la tún ń fà?

Akọ̀wé Owó: Rọra, àbúrò. Nínú 100 náírà tí wọ́n bá pín l'Ábújá, ìjọba àpapọ̀ ń mú 52.68, ìpínlẹ̀ 26.72, gbogbo káńsù 20.60. Owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti òṣìṣẹ́ ìlera, owó ìfẹ̀yìntì, ìpín àwọn ọba, orí 20.60 yẹn ni gbogbo wọn wà. Inú àpò àjọni, ìyẹn àpò kan tí ìpínlẹ̀ àti káńsù jọ ní, ni wọ́n ti ń yọ ọ́ kó tó kan alága. Káńsù tí tíṣà rẹ̀ pọ̀ tí ìpín rẹ̀ sì kéré ti gba òdo rí. "Zero allocation" la ń pè é nígbà náà. Bí a bá tú àpò yẹn ká, ta ni yóò san owó tíṣà ní káńsù tí kò rówó? Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ìyẹn.

Ìyá Onísọ̀: Àbújá lẹ̀ ń wò ṣáá. Àfikún Kẹrin ìwé òfin 1999 gbé ọjà, gáréèjì, itẹ́ òkú, pàǹtí àti owó orí ilé fún káńsù. Kí wọ́n ka ìsọ̀, kí wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára, kí owó rẹ̀ máa wọ báńkì, kí wọ́n lẹ iye tó wọlé mọ́ ògiri ọjà. Ibi tó ti ń jò ni pé ọwọ́ sí ọwọ́ ni wọ́n ń gbà á, rìsíìtì méjì mẹ́ta lórí ìsọ̀ kan ṣoṣo.

Lọ́yà Agodi: Òótọ́ ni, Màmá, àmọ́ ta ló máa fipá mú alága? Gómìnà ló ń yan àjọ tó ń ṣètò ìbò káńsù, Abala 198 ìwé òfin ló fún un lágbára. Ní April 2024, PDP kó alága 33 nínú 33 n'Ọ̀yọ́. L'Ékòó, July 2025, APC kó gbogbo ipò alága 57. Alága mọ ẹni tó fi òun síbẹ̀. Kí owó wọ àpò rẹ̀ láàárọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n dá a padà sí àpò àjọni kílẹ̀ tó ṣú. Gómìnà ò tiẹ̀ ní fọwọ́ kàn án.

Ọmọ Òjé: Kí INEC gba ìbò náà ṣe nígbà náà.

Lọ́yà Agodi: Ẹ̀n-ẹ́n. Àfi kí wọ́n tún ìwé òfin ṣe: ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì l'Ábújá, lẹ́yìn náà ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Aṣòfin ìpínlẹ̀ wo ló fẹ́ kojú gómìnà rẹ̀?

Akọ̀wé Owó: Ọ̀rọ̀ tíṣà mi ṣì wà nílẹ̀ o.