Ìbò Texas lọ́dún 2008 kò parí sídìí àpótí

Ẹ kọ ọ́ nínú ìròyìn yín pé Hillary Clinton ló borí ní ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà, nínú ìbò abẹ́lé tí ẹgbẹ́ Democrat fi ń wá olùdíje fún ipò ààrẹ lọ́dún 2008, ẹ sì dákẹ́ síbẹ̀. Kò tán síbẹ̀ o! Lóòótọ́, òun ni ìbò rẹ̀ pọ̀ jù lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹta. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí ìdìbò parí, àwọn olùdìbò tún lè padà wá ṣèpàdé ládùúgbò wọn, kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ń fẹ́. Ìpàdé yẹn náà wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín àwọn aṣojú, ìyẹn àwọn tó máa dìbò yan olùdíje ní àpérò ẹgbẹ́. Ibẹ̀ ni Barack Obama, tó ń bá Clinton díje, ti gba iwájú: nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, aṣojú 99 ló ní, Clinton ní 94.

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ńkọ́? Ìyá arúgbó tí kò lè dúró pẹ́ ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan ni tiwọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni tẹlòmíì. Ìyẹn ò dáa rárá! Kí ìbò ọdún 2016 tó dé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ìlànà yẹn tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kún ìròyìn yín.