Kì í ṣe “set” ló nítumọ̀ jù nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

Wọ́n á ní nínú gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, “set” ni ìtumọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù lọ, pé 430 ni. Àwọn olùkọ́ ń sọ ọ́, wọ́n ń fi ṣe ìbéèrè níbi ìdíje, àwọn èèyàn sì ń pín in kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìbi ara wọn pé ta ló kà á. Láti 2011 ni ọ̀rọ̀ náà kò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ́.

Ibi tí iye yẹn ti wá kò fara sin. Nínú ẹ̀dà kejì ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford, tó jáde ní 1989 ní ìdìpọ̀ 20, nǹkan bí 60,000 ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ṣàlàyé “set” tó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Kò sí àlàyé tó gùn tó o nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n “set” tó dá dúró nìkan ló ní 430. Bí a bá ka “set up”, “set off” àtàwọn ẹgbẹ́ wọn mọ́ ọn, ó di nǹkan bí 580. Inú ìwé kan náà ni iye méjèèjì ti wá o!

Nígbà tí àwọn olóòtú Oxford bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé náà ṣe fún ẹ̀dà kẹta, orí lẹ́tà M ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe A. “Make” ló kọ́kọ́ gba ipò àlàyé tó gùn jù ní 2000. “Put” gbà á ní 2007. Nígbà tó di 2011, “run” dé pẹ̀lú ìtumọ̀ 645, ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan nìyẹn. Peter Gilliver, ọ̀kan nínú àwọn olóòtú náà, ló ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ó sì gbà á ní oṣù mẹ́sàn-án.

Ẹ wo iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kékeré yìí ń ṣe. Ẹni tó ń sáré, “run” ni. Odò tó ń ṣàn, imú tó ń ṣomi, aró aṣọ tó ń ràn mọ́ òmíràn nínú omi, “run” náà ni. Ọkọ̀ ojú irin ń ná ọ̀nà, obìnrin kan ń darí ilé-iṣẹ́, olóṣèlú ń du ipò: “run” ni gbogbo rẹ̀. Ti olóṣèlú yìí, ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ló ti gbilẹ̀. “Stand” ni àwọn ará Bìrìtéènì sábà máa ń sọ. Lójú tèmi, ẹ̀rọ ló mú kí ìtumọ̀ “run” fẹ̀ jù. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì àti ilé-iṣẹ́ ńláńlá dé, ọ̀rọ̀ tó bá ohun tó ń ṣiṣẹ́ lọ láìdúró mu ti wà nílẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà dé, ó bá a níbẹ̀.

Ṣé “run” ló wá borí ni? Mi ò ní gbà kí a fi ìfọ́nnu kan rọ́pò òmíràn. Púpọ̀ nínú àlàyé “set” ti 1989 jẹ́ ohun tí wọ́n gbé láti inú ẹ̀dà àkọ́kọ́, tí wọ́n parí ní 1928. Ìwádìí tuntun ni wọ́n fi kọ ti “run”. Òṣùwọ̀n méjì ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni ìtumọ̀ kì í ṣe ohun tó ní ààlà fúnra rẹ̀. Oòrùn wọ̀, sìmẹ́ńtì gan, wọ́n to eegun tó ṣẹ́, wọ́n tẹ òkúta iyebíye mọ́ òrùka: “set” ni gbogbo wọn. Olóòtú kan lè pa méjì pọ̀, òmíràn á pín wọn sí mẹ́rin. Ìwé atúmọ̀ èdè kékeré tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò kì í ka gbogbo wọn.

Àwọn kan tún ń ka “set” tó túmọ̀ sí ọ̀wọ́ nǹkan mọ́ ọn, bí ọ̀wọ́ àwo tàbí ọ̀wọ́ irinṣẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà wá láti inú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, “settan”, ìyẹn ni kí a mú nǹkan jókòó. Ti ọ̀wọ́ nǹkan gba inú Faransé àtijọ́ wá, láti ara “secta” ti èdè Látìn. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń gbé pọ̀, ni wọ́n ṣe jọra.

Ohun tó ń dùn mí ni pé irú iye báyìí ń dẹ́rù ba ẹni tó ń kọ́ èdè náà, bí ẹni pé dandan ni kó há 645 sórí. Àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì bí pàápàá kò há a. Ọ̀rọ̀ tó wà nítòsí ni wọ́n ń wò. Bí imú bá ṣáájú “run”, omi imú ni. Bí ilé-iṣẹ́ bá tẹ̀lé e, ìdarí ni.