Ẹ Jẹ́ Ká Fojú Rí I Ná

Ẹni tó bá ní àwọn èèyàn wa ò fẹ́ràn àtidá owó pọ̀, kó lọ sí ọjà Bódìjà tàbí Oyíngbò láàárọ̀. Alájọ á gbé báàgì kọ́ èjìká, á máa ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Ìyá aláta á na owó sí i, á gba káàdì rẹ̀ wò bóyá àmì tòní ti wà níbẹ̀, á sì padà sídìí ata. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òfin tí ilé aṣòfin kankan ṣe lé e. Bí oṣù bá pé, alájọ á mú owó ọjọ́ kan ṣe owó iṣẹ́, á kó ìyókù fún ẹni tó ni ín. Lóòótọ́, àwọn kan ti kó owó olówó sá lọ rí nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò lè fojú kan ọjà yẹn mọ́. Alájọ Ṣómólú ńkọ́, tí a fi ń ṣàpèjúwe ẹni tí orí rẹ̀ pé títí dòní? Wọ́n ní ó mọ iye tí oníkálukú dá láì wo ìwé.

Ìyá aláta yìí kan náà ló ń béèrè pé, "Ta ló tún fẹ́ jẹ ẹ́ báyìí?" nígbà tí ìjọba ní kó wá san owó adójútòfò ìlera, ìyẹn owó tí a ń san sílẹ̀ kí àìsàn tó dé.

Ètò náà kì í ṣe tuntun. Òfin tó dá NHIS, ìyẹn ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀, sílẹ̀ ti wà láti ọdún 1999, Ààrẹ Ọbásanjọ́ sì ṣí i lóṣù Kẹfà ọdún 2005. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin mìíràn tó sọ NHIS di NHIA, tó sì sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Gómìnà Sanwó-Olú pàṣẹ tirẹ̀ l'Ékòó lóṣù Keje ọdún 2024. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba máa béèrè ìwé ẹ̀rí adójútòfò lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ àgbàṣe tàbí láísẹ́ǹsì. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ti bọ́ sórí rédíò níbi tí àwọn olùgbọ́ ti ń pè wọlé, ariwo ni. Ọ̀kan á ní owó orí ni wọ́n fún lórúkọ mìíràn. Òmíràn á ní òun ò ṣàìsàn láti ọdún márùn-ún, kí lòun fẹ́ sanwó fún? Aṣojú ìjọba á wá fèsì pé àwọn èèyàn ò lóye ètò náà ni, pé ìlanilọ́yẹ̀ ló kù.

Ibi tí a dúró sí rèé. Òfin náà dára, dandan tí wọ́n fi ṣe sì bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ ìjọba ò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi dandan mú aláta àti ọlọ́kadà títí yóò fi fi ohun tí owó àwọn tó ti san ṣe hàn wọ́n, ní ilé ìwòsàn àdúgbò wọn. Ohun tí wọ́n ń pè ní àìmọ̀kan yìí, ìmọ̀ ni. Ojú ló rí tó.

Ìdí tí dandan fi bọ́gbọ́n mu kò ṣòroó rí. Bó bá jẹ́ ẹni tí àìsàn ti wọ̀ lára nìkan ló ń forúkọ sílẹ̀, owó inú àpótí á tán kí ọdún tó dé ìdajì. Ara líle ló ń gbé aláìlera. A sì mọ ohun tí àìsí ètò yìí ń ṣe fún wa: nínú gbogbo owó tí à ń ná lórí ìlera ní Nàìjíríà, ó lé ní 70 nínú 100 tó ń jáde tààrà látinú àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ abẹ ni, ilẹ̀ ni wọ́n ń tà, ọ̀kadà tí wọ́n fi ń jẹun ni wọ́n ń tà, wọ́n á tún máa pe ìbátan káàkiri láàjìn. Lẹ́yìn ogún ọdún tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ju bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá lọ.

Ṣùgbọ́n adójútòfò kò dà bí àjọ. Ẹni tó dá àjọ á ka owó rẹ̀ lópin oṣù. Ẹni tó san adójútòfò tí kò ṣàìsàn ò ní ohun kankan tí yóò kà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìjọba nìkan ló mú lọ sílé. Nítorí náà ìgbàgbọ́ tí ètò yìí nílò ju èyí tí a fún alájọ lọ. Ta ló fẹ́ gba irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa?

Lọ́dún 2001, Àbújá ni àwọn olórí Áfíríkà ti pàdé, tí wọ́n ṣèlérí pé àwọn yóò máa ya ìdá 15 nínú 100 ìṣúná ọdọọdún sọ́tọ̀ fún ìlera. Àwa la gbà wọ́n lálejò. Ìṣúná ìjọba àpapọ̀ wa kò tíì débẹ̀ lọ́dún kan ṣoṣo. Ká ní ìlérí lásán nìyẹn. Lọ́dún 2014 wọ́n ṣe òfin ìlera orílẹ̀-èdè, ó sì ní kí wọ́n máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú 100 owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ sínú àpò ìtọ́jú alábọ́dé. Ọdún 2018 ni owó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú ìṣúná. Odindi ọdún mẹ́ta ó lé ni ìjọba fi rú òfin tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀.

Àjọ tó ń kó owó adójútòfò jọ ńkọ́? Lóṣù Keje ọdún 2017, mínísítà ìlera dá ọ̀gá àgbà NHIS dúró lórí ẹ̀sùn owó. Lóṣù Kejì ọdún 2018, Ààrẹ dá a padà sípò. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún náà, ìgbìmọ̀ alábòójútó tún dá a dúró. Òun náà ń fẹ̀sùn kan àwọn HMO, ìyẹn àwọn ilé iṣẹ́ alágbàtà tí owó ń gba ọwọ́ wọn kọjá sí ilé ìwòsàn. Ẹni tó jẹ̀bi, ilé ẹjọ́ ló mọ̀. Àmọ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń yọ owó rẹ̀ lóṣooṣù ń wo gbogbo rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ilé ìwòsàn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 750 náírà ni wọ́n ń san fún ilé ìwòsàn lóṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó forúkọ sílẹ̀ sọ́dọ̀ wọn. 750 náírà! Ọdún 2025 ni wọ́n tó sọ ọ́ di 1,450. Ilé ìwòsàn tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀, tí owó ọ̀hún tún ń pẹ́ kó tó dé, bí onígbèsè ni yóò máa wo oníkáàdì adójútòfò. Ẹni tó bá ní káàdì yìí ti mọ bó ṣe ń lọ: wọ́n á ní kó jókòó sọ́hùn-ún, wọ́n á kọ́kọ́ dá ẹni tó mú owó lọ́wọ́ lóhùn. Wọ́n á ní oògùn tí dókítà kọ kò sí nílẹ̀, kó lọ rà á ní kẹ́míìsì iwájú géètì. Bó bá di pé kó lọ rí dókítà àgbà, ó di kó dúró de kóòdù láti ọ̀dọ̀ HMO, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí ìtọ́jú náà. Ọ̀kan nínú àwa tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná bí iná lẹ́sẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n, tó ń retí kóòdù. Níkẹyìn ó fa owó yọ lápò. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ti ń yọ owó adójútòfò nínú owó oṣù rẹ̀ kí ọjọ́ yẹn tó dé. NHIA ti wá pàṣẹ báyìí pé kóòdù ò gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí kan lọ. Àṣẹ gidi ni; orúkọ HMO àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fìyà jẹ lórí rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n polówó lórí rédíò, dípò orin tí wọ́n ń kọ fún wa níbẹ̀.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí kò kan adójútòfò rárá, ṣùgbọ́n tí ará ìlú kò yọ kúrò nínú ìṣirò. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2020 wọ́n já ilé ìkẹ́rù ní Mazamaza, ní Ẹdẹ, n'Ílọrin, wọ́n sì bá oúnjẹ ìrànwọ́ kòrónà tó ga tó àjà níbẹ̀. Àwọn gómìnà ṣàlàyé pé pípín ló kù, pé wọ́n ń tọ́jú díẹ̀ pamọ́ nítorí ọjọ́ iwájú. Àlàyé náà lè jẹ́ òótọ́ lápá kan, àmọ́ ta ló dúró gbọ́ ọ? Ààrẹ tó fọwọ́ sí òfin dandan yìí lo ohun tó lé ní 100 ọjọ́ ní London lẹ́ẹ̀kan náà lọ́dún 2017, ọdún yẹn náà sì ni ìyàwó rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ilé ìwòsàn Aso Rock kò ní síríǹjì. London náà ló kú sí lóṣù Keje ọdún 2025. Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. A ò bá òkú jà. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn là ń bá sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà tó gbé ayé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn mọ̀ pé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ìjọba Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group ti Awólọ́wọ̀, bu owó ẹ̀kọ́ àti ìlera lé owó orí: ṣílè mẹ́wàá àti sísì lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ilé dàrú. NCNC, ẹgbẹ́ alákùkọ, gbé ọ̀rọ̀ náà kiri. Awólọ́wọ̀ ń sọ̀rọ̀ ilé ìwé ọ̀fẹ́, àwọn èèyàn ń wo àpò wọn. Àwọn ìjọba tó ti kọjá ti gba owó orí lọ́wọ́ wọn tipẹ́, wọn ò sì rí ilé ìwé kankan. Nígbà tí ìbò àpapọ̀ dé lọ́dún 1954, NCNC ló mú ìjókòó tó pọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn, lójú Ọlọ́pẹ, nílé ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ilẹ̀kùn ilé ìwé ṣí. Àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1954 tó bíi 457,000. Lọ́dún kan náà tí ilẹ̀kùn ṣí, wọ́n di bíi 811,000. Bàbá tó ti ń ṣépè fún agbowó orí rí ọmọ rẹ̀ tó há síléètì mọ́ abíyá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ń gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ìbò ilé aṣòfin ẹkùn náà dé lóṣù Karùn-ún ọdún 1956, Ọlọ́pẹ mú 48 nínú 80. A ò ní ilé ìwé nìkan ló fà á, òṣèlú ìgbà náà ní gbòǹgbò púpọ̀. Àmọ́ ẹ wo bí àkókò náà ṣe kúrú tó. Owó tí wọ́n bínú sí lọ́dún 1954, kí ọdún 1955 tó parí wọ́n ti lè na ìka sí ohun tó rà. Lọ́dọ̀ tiwa, ogún ọdún ti kọjá, kóòdù là ń retí.

Níbi tí owó orí bá ti ń gùn tí ẹnikẹ́ni ò sì lè na ìka sí nǹkan kan, Àgbẹ́kọ̀yà, àwọn àgbẹ̀ tó dìde ìjà sí owó orí lọ́dún 1968 àti 1969, ti fi èyí tó ń tẹ̀lé e hàn wá. A ò gbàdúrà rẹ̀.

Àìgbàgbọ́ náà sì ń pa aláìṣẹ̀, ó yẹ ká sọ ìyẹn náà. Lọ́dún 1996, tí àrùn lọ́rùnlọ́rùn ń jà ní Kánò, ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer dán oògùn Trovan wò nínú ìdánwò kan tó kan ọmọ bíi 200. Mọ́kànlá kú nínú wọn. Ọdún 2009 ni ilé iṣẹ́ náà tó gbà láti san 75 mílíọ̀nù dọ́là láti fi parí ẹjọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìpínlẹ̀ Kánò. Láàárín ìgbà náà, lọ́dún 2003, wọ́n gbé oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ dé, Kánò sì dá a dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àrùn náà gba ibẹ̀ tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọn òbí yẹn kì í ṣe òpè, wọ́n ti rí nǹkan. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí lọ́dún 1996 ló fi ẹsẹ̀ san gbèsè náà. Ẹni tó bá ń kà wá, tó ní ọ̀nà láti forúkọ sílẹ̀, tó sì kọ̀ tìbínú-tìbínú, kó rántí pé aboyún ilé rẹ̀ ni yóò san án bó bá di òru.

Kí ni kí ìjọba ṣe? Kó fi òfin náà mú àwọn agbanisíṣẹ́ ńlá lónìí, kò sí àwáwí fún wọn. Kó so ti aláta, ọlọ́kadà àti télọ̀ rọ̀ ná. Kó kọ́kọ́ san ti aláìní tí òfin ọdún 2022 ti ya àpò sọ́tọ̀ fún, kó sì jẹ́ ká mọ iye wọn ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Kó kéde orúkọ HMO tó bá jẹ ilé ìwòsàn lówó. Kí àwọn gómìnà, kọmíṣọ́nà àti aṣòfin fi káàdì kan náà gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ wọn, àwọn àti ẹbí wọn, kí èyí sì wà nínú òfin. A mọ̀ pé wọn ò ní fẹ́ gbọ́ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, ìdí rẹ̀ gan-an la fi sọ ọ́.

Ohun tó rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀ kò ju ìwé kan lọ. Owó àpò ìtọ́jú alábọ́dé ń dé sí ilé ìwòsàn kan ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kí wọ́n kọ ọ́ sórí pépà lédè Yorùbá: iye tó dé, ọjọ́ tó dé, oògùn tí wọ́n fi rà, iye oníkáàdì tí wọ́n tọ́jú àti iye tí wọ́n dá padà. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níta, níbi tí ìyá aláta ti lè dúró kà á tàbí kó ní kí ọmọ rẹ̀ kà á fún òun. Gómìnà tí kò bá mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, wọ́ọ̀dù tirẹ̀ ló súnmọ́ ọn jù. Kó lẹ ti oṣù mẹ́ta tó kọjá mọ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, àwa náà yóò wá kà á.