Ẹ yé sọ pé iṣẹ́ ooru kò ju kó dá rúdurùdu sílẹ̀ lọ

Ọ̀pọ̀ wa la gbé ẹ̀kọ́ kan mì láìjẹ ní kíláàsì físíìsì: bí ooru bá ti wọ inú nǹkan, ètò inú rẹ̀ á dàrú. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní ooru lè mú kí mólékù omi dojú kọ ọ̀nà kan náà, kí pápá iná (àyíká tí agbára iná mànàmáná ti ń ti nǹkan tàbí tó ti ń fà á) sì tibẹ̀ yọ láìsí bátìrì, ẹ̀rín la ó fi í rín.

Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín kò kúkú jẹ̀bi tán. Átọ̀mù ọ́síjìn kan àti háídrójìn méjì ló wà nínú mólékù omi, wọ́n sì tẹ̀ kọrọdọ ní igun 104.5 dígírì. Ọ̀dọ̀ ọ́síjìn jẹ́ nẹ́gátíìfù díẹ̀, ọ̀dọ̀ háídrójìn jẹ́ pọ́sítíìfù díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ọ̀kan ní orí, ká pe èkejì ní ìdí. Nínú omi tó gbóná dọ́gbadọ́gba, bí èyí ṣe ń wòkè ni tọ̀hún ń wolẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wá já sí òfo. Ìwọ̀n bí omi ṣe ń tẹ̀lé pápá iná pàápàá máa ń wálẹ̀ láti bíi 80 ní 20 dígírì Celsius sí bíi 55 tó bá ń hó.

Ṣùgbọ́n “omi gbóná” yàtọ̀ sí “apá kan omi gbóná ju apá kejì lọ.” Ibẹ̀ gan-an la ti ṣìnà. Ooru tó dọ́gba kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn. Ibo ni mólékù fẹ́ kọjú sí? Tí ìyàtọ̀ bá ti wà, ooru á máa ṣàn láti apá gbígbóná lọ sí apá tútù, ìṣàn náà sì ní ọ̀nà tó ń gbà. Mólékù tí orí rẹ̀ kò jọ ìdí rẹ̀ kò lè dúró bí ẹni tí kò rí i. Á tẹ̀ sí apá kan, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀ kíún.

Lọ́dún 2008, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Fernando Bresme àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé omi tí ooru rẹ̀ kò dọ́gba, wọ́n sì rí i pé pápá iná yọ nínú rẹ̀. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ rí pọ̀ jù, torí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣírò agbára iná láàárín àwọn mólékù tó jìnnà síra. Ìtẹ̀sí náà kò tìtorí èyí parẹ́. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọ̀nà tó kọjú sí lè yí padà pátápátá bí omi ṣe ń gbóná sí i.

Ẹ má tìtorí èyí so wáyà mọ́ ìkòkò o! Bí ìsàlẹ̀ ìkòkò bá fi 80 dígírì gbóná ju òkè lọ, tí omi inú rẹ̀ jìn ní sẹ̀ntímítà 10, 800 dígírì nìyẹn lórí mítà kan. Nínú àfarawé, ooru lè yàtọ̀ ní dígírì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín nánómítà kan ṣoṣo (ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà), ìyẹn sì lé ní ìlọ́po mílíọ̀nù kan ti ìkòkò wa. Ẹ̀bá hóró góòlù tíntìntín tí iná lésà ń mú gbóná nínú omi la ti lè rí ìyàtọ̀ tó ga gan-an. Tí iyọ̀ bá sì wà nínú omi náà, àwọn áyọ́ọ̀nù rẹ̀, ìyẹn àwọn átọ̀mù rẹ̀ tó ní agbára iná, á ti rìn wá bo pápá kékeré yẹn mọ́lẹ̀.