Jíjó pínnì kíráǹkì mọ́ àwo rẹ̀ kò sọ kíráǹkì alùpùpù di alágbára

Ìgbàgbọ́ kan gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì alùpùpù ṣe kí ó lè sáré ju bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é lọ. Wọ́n gbà pé bí a bá ti gbé kíráǹkì, ìyẹn irin inú ẹ́ńjìnnì tó ń sọ lílọ-bíbọ̀ písítìn di yíyí, tọ ajórin lọ, tí ó sì jó etí pínnì mọ́ àwo irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kò sí agbára tí kíráǹkì náà kò ní lè gbà mọ́. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà. Ó ń dùn mí pé owó ńlá àti ẹ́ńjìnnì tó dára ń ṣòfò nítorí rẹ̀.

Kíráǹkì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sábà máa ń jẹ́ irin kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ti ọ̀pọ̀ alùpùpù onípísítìn kan, títí kan irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà wa ń gùn, yàtọ̀ sí i: àwo irin méjì ni, pẹ̀lú pínnì kan tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ wọ inú ihò wọn. Pínnì náà fi ìwọ̀n bíńtín tóbi ju ihò lọ, nítorí náà bí irin ṣe fún mọ́ irin nìkan ló dì í mú.

Ẹ́ńjìnnì Twin Cam onípísítìn méjì tí Harley-Davidson ti Amẹ́ríkà gbé jáde fún ọdún 1999 ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Nínú Evolution tó ṣáájú rẹ̀, orí pínnì kíráǹkì rí ṣónṣó, nọ́ọ̀tì ni wọ́n sì fi dè é mọ́ àwo. Nínú Twin Cam, títẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlé. Kọ́ńrọ́ọ̀dù méjèèjì, ìyẹn ọ̀pá irin tó so písítìn kọ̀ọ̀kan mọ́ kíráǹkì, ló wà lórí pínnì kan ṣoṣo yìí, tó sì jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì náà, tó tó nǹkan bí 1,450 cc láti ilé-iṣẹ́, ni àwọn kan tún ń sọ di ńlá sí i. Bí ẹni tó ń gùn ún bá já kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lójijì, tàbí tí táyà tó ti ń yọ̀ bá di ilẹ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà, àwo kan lè fẹ́ dúró nígbà tí èkejì ṣì ń yí lọ. Ibẹ̀ ni pínnì ti ń yọ̀ nínú ihò, tí àwo méjèèjì yóò sì yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà kan náà. Etí kíráǹkì tó ń yí pọ́ǹpù ọ́ìlì yóò wá máa mì, yóò sì máa jẹ ohun tó yí i ká.

Yíyọ̀ yìí ni jíjó ń dí lọ́nà. Iṣẹ́ gidi ni, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, pàápàá fún alùpùpù tí a fi ń sá eré ìje. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ parí sí.

Iná ajórin kì í fi agbára kún irin. Ibi tí iná bá kàn á pọ́n, á yọ́, lẹ́yìn náà irin tútù tó yí i ká á fa ooru rẹ̀ mu lójú ẹsẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti mọ ohun tó ń tẹ̀lé èyí láti ayébáyé: irin líle tó pọ́n, tí a sì rì sínú omi lójijì, kì í gba títẹ̀ mọ́, ṣíṣẹ́ ló máa ń ṣẹ́, àfi bí a bá tún rọra yá a nínú iná. Pínnì kíráǹkì ni èyí bá wí jù, nítorí pé a ti mú ojú rẹ̀ le kí bíárìn má baà jẹ ẹ́. Etí ibi tí a jó ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ti máa ń là, bí kíráǹkì bá sì ṣe ń gba ìlù ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan ni ìlà náà yóò máa gùn sí i, títí irin yóò fi ṣẹ́.

Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni ti kíráǹkì tí wọ́n jó nígbà tó ti yẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iná kò lè tọ́ ọ. Ṣe ni yóò dì í mọ́ ipò tó wà. Kódà kíráǹkì tó tọ́ lè yẹ̀ nígbà tí ibi tí a jó bá ń tutù, tí ó sì ń sún kì. S&S Cycle, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kámù onígíà (irin tí gíà ń yí láti máa ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì) fún Twin Cam, kò fẹ́ kí etí kíráǹkì yẹ̀ ju ìdá 3 nínú ẹgbẹ̀rún íńṣì lọ, ìyẹn nǹkan bí 0.08 mm. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ fi aago ìwọ̀n, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi yíyẹ̀ bíńtín hàn, wò ó kí a tó jó o, kí a sì tún wò ó lẹ́yìn rẹ̀.

Eré sísá náà ní ìnira tirẹ̀ tí jíjó kò kàn rárá. Agbára tí písítìn àti kọ́ńrọ́ọ̀dù fi ń fa pínnì ń pọ̀ bí eré ṣe pọ̀ ní ìlọ́po ara rẹ̀: bí a bá gbé ẹ́ńjìnnì láti ìyípo 5,500 láàárín ìṣẹ́jú kan sí 6,500, eré fi díẹ̀ dín sí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ṣùgbọ́n agbára tó ń fa pínnì fi nǹkan bí ìdá 40 lé. Bíárìn àti kọ́ńrọ́ọ̀dù ló ń gba ìyẹn, ajórin kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ohun tó ń fún kíráǹkì lágbára ti wà kí a tó tan iná. Ìnípọn pínnì ṣe kókó gan-an: bí ó bá di ìlọ́po méjì, tí gígùn tó wọ inú àwo àti bí ó ṣe fún kò yí padà, agbára tó ń dènà yíyọ̀ rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Irin tí a rọ lára irin tó dára, ihò tí a gbẹ́ dé ìwọ̀n gẹ́lẹ́, igun tí a ṣe roboto dípò èyí tó mú, àti ìdọ́gba ìwúwo àwo pẹ̀lú ti písítìn náà ń kó ipa tiwọn. Ihò tí a ti tẹ pínnì wọ̀ tí a sì ti tì í jáde léraléra á ti gbẹ̀rẹ̀, kò sì ní fún un mọ́ bíi ti àtijọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ jó kíráǹkì yín síbẹ̀, ẹ fi bíárìn àti kọ́ńrọ́ọ̀dù tuntun sí i ṣáájú, nítorí pé a ní láti lọ ibi tí a jó dànù pátá kí pínnì náà tó lè jáde lọ́jọ́ mìíràn.