Ìgbín tí ò ní karahun kọ́ ni apakòkòrò yín ń pa

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Sátidé tó kọjá ni bùrọ̀dá kan tún dìde sọ ọ́ nípàdé àwa tá à ń gbin ẹ̀fọ́ ní Ìkòròdú níbí, wọ́n ní tí ìgbín pẹlẹbẹ tí ò ní karahun yẹn bá ti wọ oko, ká ṣáà lọ sí Sábó, ká ra apakòkòrò tó bá le jù, ká fín in kanlẹ̀, pé ohunkóhun tó bá ń rìn nílẹ̀ oko, ọ̀tá àgbẹ̀ ni. Gbogbo èèyàn ń kan sáárá sí wọn. Èmi ò lè dákẹ́ o, torí pé irọ́ ni, owó wa ló sì ń bá a lọ.

Ẹ gbọ́, nǹkan yẹn kì í ṣe kòkòrò rárá. Ẹbí kan náà ni òun àti ìgbín tá à ń sè jẹ, karahun nìkan ni ò ní, òun náà ni mo sì ń pè ní ìgbín níbí. Èyí tó pọ̀ jù nínú apakòkòrò tá à ń rà, iṣan ara kòkòrò ni wọ́n ṣe é fún, ìgbín á gbà á sára, á sì máa bá jíjẹ ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń kú ni kòkòrò dúdú tó ń sáré kiri lóru, aláǹtakùn, ọmọ tanátaná, àwọn gan-an tó yẹ kó bá wa jẹ ẹ́.

Tẹ́ ẹ bá rò pé àròsọ tèmi ni, àwọn mẹ́ta kan, Margaret Douglas, Jason Rohr àti John Tooker, gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde ní 2015 látorí oko ẹ̀wà sóyà ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà. Irúgbìn tí wọ́n ti fi apakòkòrò kan tó ń jẹ́ thiamethoxam ra lára kí wọ́n tó gbìn ín ni wọ́n wò, kòkòrò ni wọ́n ń torí ẹ̀ lò ó. Ìgbín jẹ ọ̀gbìn tó hù látinú irúgbìn yẹn, oró wọ̀ ọ́ lára, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ìgbà tí kòkòrò tó ń pa ìgbín jẹ wá jẹ ẹ́ ni wàhálà dé: nínú 100 kòkòrò bẹ́ẹ̀, ó lé ní 60 tó kú tàbí tí ara ẹ̀ ò gbé e mọ́. Ìgbín ló gbé májèlé lọ fún ẹni tó fẹ́ pa á jẹ, òun fúnra ẹ̀ ń fà lọ jẹ́jẹ́! Nígbà tí wọ́n wò ó nínú oko gangan, àwọn tó ń pa ìgbín jẹ dín kù, ìgbín rí àyè, ẹ̀wà sóyà tó dúró nílẹ̀ fi ìdá 19 nínú 100 dín sí ti ibi tí wọn ò lo kẹ́míkà, ìkórè náà sì fi ìdá 5 nínú 100 wálẹ̀. Wọ́n fowó ra kẹ́míkà, wọ́n tún wá kórè dín.

Ilẹ̀ Pennsylvania kì í ṣe ilẹ̀ Ìkòròdú, mo gbà. Àmọ́ ohun tí mo rí lóko tèmi ò yàtọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, èmi náà fín. Ebè ewédú méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ni mo fín, mo fi méjì tó kù sílẹ̀ torí pé oògùn tán. Òjò ń rọ̀ gan-an nígbà yẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tí mo fín ti di eegun, igi ẹ̀ nìkan ló dúró, ipa ìgbín tó ń dán bí ọṣẹ tó gbẹ wà nílẹ̀ káàkiri. Èyí tí mi ò fín kàn lu ihò díẹ̀díẹ̀ ni, mo rí i tà. Ni mo bá mú tọ́ọ̀ṣì lọ síbẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Mo ṣí pákó kan láàárín ebè tí mi ò fín, kòkòrò dúdú kan tó gùn tó èékánná àtàǹpàkò mi ti ki ẹnu bọ ìgbín lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìgbín ká ara jọ, itọ́ funfun ń hó lára ẹ̀, kòkòrò ò tú u sílẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ó ń fà á. Mo dúró wò ó títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ọmọ tanátaná kan náà wà níbẹ̀ tí ìdí ẹ̀ ń tàn, ìgbín lòun náà ń jẹ, á gé e jẹ, oró ẹ̀ á mú kí ìgbín rọ, á wá jókòó tì í. Lápá ibi tí mo fín, mo ṣí pákó méjì, ìgbín mọ́kànlá, kòkòrò kan ò sí.

Wọ́n á ní àwọn fín, ilẹ̀ mọ́, àwọn ò rí ìgbín kankan. Ọ̀sán lẹ lọ wò ó. Kì í jáde lóòrùn kí omi ara ẹ̀ má baà gbẹ, abẹ́ ewé tó rà ló wà.

Ní báyìí, ìrọ̀lẹ́ ni mo ń tẹ́ pákó tútù sílẹ̀, tílẹ̀ bá mọ́ màá ṣí i, màá fi igi ṣa wọ́n sínú omi iyọ̀. Àárọ̀ ni mo tún ń bomi rin ẹ̀fọ́, kí ilẹ̀ má baà tutù mọ́jú. Ọ̀pọ̀lọ́ méjì ló ń gbé lẹ́yìn kànga, wọ́n ń bá mi jẹ ìgbín, mo ti kìlọ̀ fáwọn ọmọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ sọ wọ́n lókò. Bùrọ̀dá yẹn ṣì ń bá mi jiyàn lórí fóònù. Mo ní kí wọ́n mú tọ́ọ̀ṣì wọn wá lálẹ́ ọ̀la, wọ́n ní àwọn ń bọ̀.