Ta ní ń ka ẹja inú ọ̀sà wa?

Ọmọ Olúwo, Ẹ̀pẹ́: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àárọ̀. Mo ka nǹkan kan lánàá nípa òkìtì iyùn abẹ́ òkun tó wà lọ́dọ̀ àwọn ará Ọsirélíà. Ó gùn tó 2,300 kìlómítà. Ẹranko kéékèèké ló ń kọ́ ọ bí ikán ṣe ń kọ́ ògán. Òkúta ni ilé wọn, ewé omi tíńtínní kan ló sì ń gbé inú ara wọn, òun ló ń fún wọn lóúnjẹ àti àwọ̀. Bí omi bá fi ìwọ̀n 1°C péré gbóná ju bó ṣe máa ń gbóná jù lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn á tu ewé náà jáde, wọn á wá funfun bí eegun. Ó ṣẹlẹ̀ ní 1998, 2002, 2016, 2017, 2020, 2022, 2024 àti 2025. Ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé wọ́n mọ ọdún kọ̀ọ̀kan. Láti nǹkan bí 1985 ni wọ́n ti ń so okùn mọ́ ìdí ọkọ̀, ẹnì kan á di pákó mú, ọkọ̀ á máa wọ́ ọ lọ lójú omi, òun á máa wo ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, ọkọ̀ á dúró, á kọ ohun tó rí sílẹ̀, wọn á tún gbéra. Ìyá mi ń ta ẹja l'Ólúwo, ó ní òbòkún ti ń wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá bi wá pé láti ọdún wo, báwo ló ṣe dín kù tó, kí la ó mú jáde? Ìbéèrè mi rèé: ta ló máa bá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀ létí omi, l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ níbí, n'Ìkòròdú, l'Ágbádárìgì?

Ìyá Oníyùn, Ìta-Ẹlẹ́wà: Iyùn ojúlówó wà lọ́wọ́ mi o. Ti ọrùn, ti ọwọ́, ti orí ìyàwó. Ẹni tó bá ń ṣe ìgbéyàwó ní Disẹ́ńbà kó tètè sọ̀rọ̀.

Adé Májídún: 😂😂 Ìyá, ọ̀rọ̀ ẹja ni o.

Ìyá Oníyùn, Ìta-Ẹlẹ́wà: Ọkọ mi, mo rí "iyùn" níbẹ̀. Iyùn wo ló tún wà tí kì í ṣe èyí tí mò ń tà?

Tíṣà Ọlá: Ìyá, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Iyùn pupa tí ẹ̀ ń tà, bó bá jẹ́ ojúlówó, òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ti ń wú u, níbi tó jìn, tí oòrùn kò fi bẹ́ẹ̀ dé. Àwọn Potogí kó o wá sí Bìní ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Òun kì í kọ́ òkìtì. Èyí tó ń kọ́ òkìtì ń fẹ́ oòrùn, ó ń fẹ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó sì mọ́ gaara. Ìyẹn ni kò ṣe sí irú òkìtì bẹ́ẹ̀ létíkun tiwa. Omi odò tó ń gbé ẹrẹ̀ wọ òkun níbí ti pọ̀ jù fún un.

Bọ̀dé Ìmọ̀tà: Bí kò bá sí níbí, kí ló wá kàn wá?

Àlàájì Ẹrẹ́dò: Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Kí ìjọba wá ṣe é.

Apẹja Bàyékù: Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ibì kan wà níwájú èbúté wa níbí tí bàbá mi máa ń dúró sí ju àwọ̀n, omi kì í ju àyà rẹ̀ lọ. Mo gba ibẹ̀ kọjá lóṣù tó kọjá, mo ti ọ̀pá ọkọ̀ mi bọ omi, ọ̀pá wọlé tán títí ọwọ́ mi fi tutù, kò kan ilẹ̀. Wọ́n ti fa gbogbo yanrìn ibẹ̀ lọ. Ẹja wo ló fẹ́ yé sínú kòtò? Àwọn oníyanrìn ló pa ọ̀sà yìí.

Ṣẹ́gun Yanrìn, Ìbẹ̀ṣẹ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Èmi ni oníyanrìn. Mo ti ń fi garawa rì sábẹ́ omi wa yanrìn láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ilé tí ẹ jókòó sí tí ẹ fi ń tẹ fóònù, yanrìn ta ni wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì rẹ̀?

Apẹja Bàyékù: Àbúrò, èmi ò bá onígarawa wí. Ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn ni mò ń sọ.

Ṣẹ́gun Yanrìn, Ìbẹ̀ṣẹ: "Àwọn oníyanrìn" lẹ kọ. Ẹ padà lọ kà á.

Tíṣà Ọlá: Bọ̀dé, ó kàn wá. Ní Sulawesi, ní Indonẹ́síà, àwọn kan fi bọ́ǹbù pa ẹja títí iyùn fi fọ́ túútúú. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ṣe férémù irin bí ìràwọ̀, wọ́n so ẹ̀ka iyùn tó ṣì ń mí mọ́ ọn, wọ́n to àwọn irin náà mọ́ra wọn sórí ibi tó fọ́. Láàárín ọdún mẹ́rin, ibẹ̀ ti ń dàgbà bí èyí tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n ń lọ wọ̀n ọ́n.

Ọmọ Ẹ̀gùn Àgbádárìgì: Ẹ gbọ́, àwa ti ń ṣe èyí kí wọ́n tó bí bàbá wa! Àkájà ńkọ́? Ẹ̀ka igi la máa ń rì mọ́ ibi tí omi ò ti jìn, ewé omi á hù sára rẹ̀, ẹ̀pìyà á wá jẹ ẹ́, á fi ibẹ̀ ṣe ilé. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan la ó fi àwọ̀n yí i ká, a ó fa igi tu, a ó kó ẹja. Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí irin ìràwọ̀ yẹn?

Bùnmi Etí-Ọ̀sà: Ìyàtọ̀ ni pé igi ẹ̀gbà tí ọmọ ẹja ń sá sí lẹ gé láti fi ṣe é. Ẹ tú ilé kan, ẹ fi kọ́ òmíràn.

Ọmọ Ẹ̀gùn Àgbádárìgì: Ọparun ni tiwa. Ọ-PA-RUN. Wá wò ó.

Bùnmi Etí-Ọ̀sà: Nígbà tí ọparun bá jẹrà, tó sọ ibẹ̀ di ẹrẹ̀, tí ọkọ̀ ò ráyè kọjá ńkọ́?

Àlàájì Ẹrẹ́dò: MO NÍ IṢẸ́ ÌJỌBA NI. ÌJỌBA!

Apẹja Bàyékù: Ṣẹ́gun, mo ti padà lọ kà á. Bí garawa bá kó, bí ẹ̀rọ bá kó, omi ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Ṣẹ́gun Yanrìn, Ìbẹ̀ṣẹ: Ó dáa. Àwọ̀n tí ìka ọmọ ọwọ́ ò lè wọ ojú rẹ̀ ńkọ́, èyí tẹ́ ẹ fi ń kó ọmọ ẹja tí kò tíì ní ẹyin nínú? Ìyẹn ò pa ọ̀sà?

Apẹja Bàyékù: Èmi ò lo irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ rí láyé mi! Má gbé ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ rù mí.

Ṣẹ́gun Yanrìn, Ìbẹ̀ṣẹ: Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé ti ẹ̀rọ ru onígarawa.

Adé Májídún: Ẹni tó ní ẹja yíyan níbẹ̀ kó fi ránṣẹ́ kí ìjà tó parí 😂 Ó sì dájú pé ti Ìkòròdú dùn ju ti Ẹ̀pẹ́ lọ.

Kúnlé Ẹ̀pẹ́: Kí lo wí?! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wọ mọ́tò wá rajà l'Ólúwo! Ẹja méjì ló wà lóríta wa níbí, wọ́n fi ṣe ère. Kí ló wà lóríta tiyín?

Adé Májídún: Ère kì í wọ ìkòkò, ẹ̀gbọ́n.

Ìyá Oníyùn, Ìta-Ẹlẹ́wà: Tíṣà, ẹ sọ pé "bó bá jẹ́ ojúlówó". Ṣé ẹ̀ ń sọ pé rọ́bà ni mò ń tà ni?

Tíṣà Ọlá: Rárá o, Ìyá. Ẹ má bínú.

Bọ̀dé Ìmọ̀tà: Tíṣà, irin ìràwọ̀ yẹn, ṣé á dá ooru dúró? Ní Fúlọ́rídà lọ́dún 2023, àwọn tó ń tọ́jú iyùn sínú òkun bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kó o padà sínú ọpọ́n omi lórí ilẹ̀, torí òkun ti gbóná jù. Ní oṣù kẹrin 2024, àjọ òkun ti ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé iyùn ń funfun káàkiri àgbáyé, ìgbà kẹrin rèé tí irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ ń gbìn ín, ooru ń sè é.

Tíṣà Ọlá: Bẹ́ẹ̀ ni. Ooru yẹn ni kókó, kì í sì í ṣe apẹja tàbí onígarawa ló dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé bá ń jó, a kì í torí ìyẹn fi ọmọ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀ka tó bá fara da ooru ọdún yìí ni wọ́n á ti gé irúgbìn tọdún tó ń bọ̀.

Ọmọ Olúwo, Ẹ̀pẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ra ìwé. Mo ti ra ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru omi. Láàárọ̀ yìí ní agogo méje, omi èbúté wa jẹ́ 28°C, apẹ̀rẹ̀ òbòkún mẹ́ta ló sì wọlé. Ta ló máa kọ ti Bàyékù? Ta ló máa kọ t'Àgbádárìgì?

Kúnlé Ẹ̀pẹ́: Àbúrò, kọ́kọ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹja Ẹ̀pẹ́ ló dùn jù.

Bùnmi Etí-Ọ̀sà: Ọmọ Ẹ̀gùn ò tíì dá mi lóhùn lórí ẹrẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gùn Àgbádárìgì: Mo ní kó o wá wò ó.

Ṣẹ́gun Yanrìn, Ìbẹ̀ṣẹ: Apẹja Bàyékù, kòtò tí ẹ ń sọ yẹn, èmi ò gbà pé ó wà. Mo mọ abẹ́ omi ibẹ̀ bí ẹni mọ yàrá rẹ̀.

Apẹja Bàyékù: Agogo mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la, wá sí èbúté. Mú okùn garawa rẹ dání, èmi á mú ọ̀pá mi. Bí okùn rẹ bá kan ilẹ̀, èmi á kúnlẹ̀ bẹ̀ ọ́ níbí lójú gbogbo ayé.

Ṣẹ́gun Yanrìn, Ìbẹ̀ṣẹ: Màá wá.

Àlàájì Ẹrẹ́dò: Ìjọba ni mo wí o.

Tóyìn Ọ̀dọ́gùnyàn: Ìyá Oníyùn, ẹ kú ọjà o. Èló ni ti ọwọ́?